Ẹlẹ́rìí Tó Wà Lára Ṣáàsì: Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Àwọn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Olówó Iyebíye ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

   Mo wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti sọ̀rọ̀ lórí àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye tí wọ́n fi ọwọ́ kan bọ́dì wọn, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi irin lù sára ṣáàsì wọn.

Àwọn kan gbà pé eré olówó lásán ni ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí baba kan gùn lọ síbi tí wọ́n ti fi í joyè, tí wọ́n fi gbé ìyàwó wọlé, tí ó tò sẹ́yìn òkú ọlọ́lá láti Èkó títí dé ilé, apá kan ìtàn ìdílé ni, apá kan ìtàn ìlú sì ni pẹ̀lú. A kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ta ilẹ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú, a ń béèrè ìwé. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà tọ́ sí ìwé tó péye. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bọ́dì kò tó láti fi dá ọkọ̀ mọ̀, pléètì nọ́ńbà kò tó, ìtàn ìdílé pàápàá kò tó. Nọ́ńbà ara ṣáàsì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Àkọsílẹ̀ tó bá sì ti wọ́, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ.

Ọkọ̀ kan, ilé-iṣẹ́ méjì

Ọkọ̀ tí à ń rà lónìí, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe é látòkè délẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Bí olówó kan bá fẹ́ Rolls-Royce ní 1925, ṣáàsì ni wọ́n máa tà fún un: irin gbọọrọ méjì tó gbé ẹ́ńjìnnì, gíá, táyà mẹ́rin, rédíétọ̀ níwájú. Kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí òrùlé, kò sí àga. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa yan ilé-iṣẹ́ tí yóò bá a kan bọ́dì sí i. Barker wà níbẹ̀, àwọn tó ti ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin láti 1710. Hooper wà níbẹ̀, láti 1805. H. J. Mulliner wà ní Chiswick, Park Ward wà ní Willesden, James Young wà ní Bromley. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀n lè máa gba Willesden tàbí Bromley kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọba àti ọlọ́lá ayé ti ń ránṣẹ́ kan bọ́dì ọkọ̀ nígbà kan.

Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe férémù bọ́dì náà. Wọ́n á wá fi páànù alumíníọ̀mù bò ó lórí, wọ́n á fi ọwọ́ lù ú títí yóò fi dán, wọ́n á fi awọ ṣe àga, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí òrùlé ga nítorí fìlà tàbí gèlè, wọ́n á gbé e ga. Nítorí náà ọkọ̀ méjì lè jáde lọ́dún kan náà lábẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n má sì jọra wọn rárá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bentley Mark VI ti 1946 ni ilé-iṣẹ́ Rolls-Royce kọ́kọ́ gbé jáde pẹ̀lú bọ́dì tiwọn. Silver Dawn tẹ̀ lé e ní 1949. Ṣùgbọ́n Silver Wraith, tí wọ́n ṣe láti 1946 títí di òpin àwọn ọdún 1950, ṣáàsì ni wọ́n ṣì ń tà, akanbọ́dì ló ń parí rẹ̀. Rolls-Royce ra Park Ward ní 1939, ó ra H. J. Mulliner ní 1959, ó pa méjèèjì pọ̀ ní 1961. Hooper ti jáwọ́ nínú kíkan bọ́dì ní 1959 yẹn kan náà.

Ẹ wá wo ohun tí èyí fà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ní nọ́ńbà ṣáàsì, ó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó ní nọ́ńbà bọ́dì tí akanbọ́dì fún un, ó tún ní pléètì nọ́ńbà tí ìjọba fún un. Nọ́ńbà mẹ́rin lórí ọkọ̀ kan, láti ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn. Ṣáàsì ni egungun, bọ́dì ni aṣọ. A máa ń pààrọ̀ aṣọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n gbé irin ìbọn kọ́ sórí ṣáàsì Rolls-Royce láti fi jagun. Nígbà tó yá, wọ́n tú bọ́dì àwọn mìíràn kúrò, wọ́n sọ wọ́n di ọkọ̀ òkú. Nígbà tó tún yá, tí owó gun orí ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, àwọn oníṣòwò tú bọ́dì ńlá onílẹ̀kùn mẹ́rin dànù, wọ́n kan bọ́dì aláìlórùlé tuntun sí i. Ẹni tó bá wo bọ́dì nìkan yóò pe ọkọ̀ náà ní ohun tí kì í ṣe.

Ìjẹ̀bú náà kan bọ́dì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni mo ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, kò ya Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mọ́tò dé, lọ́rì ni àwọn baba yín fi bá ayé rà, tí wọ́n fi bá ayé tà. Lagos Garage, Epe Garage àti Ibadan Garage tó wà nínú ìlú yìí ń jẹ́rìí sí i pé ọ̀nà mọ́tò ló so Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ àwọn ìlú yòókù. Ní Èkó, láàárín ọdún díẹ̀ tí mọ́tò kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa, W. A. Dawodu, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ti ń kó ọkọ̀ wọlé, ó ń tà wọ́n, ó sì ń tún wọn ṣe.

Báwo ni lọ́rì ṣe ń dé? Bí Rolls-Royce ti ń jáde ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ náà ni: ṣáàsì àti ẹ́ńjìnnì. Bedford, Austin, Morris, wọ́n á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní èbúté, káfíńtà wa á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igi tó le, irú ìrókò, ni yóò fi de férémù mọ́ irin gbọọrọ méjèèjì. Yóò to pákó ìsàlẹ̀, yóò kan ẹ̀gbẹ́, yóò gbé bẹ́ǹṣì sí i fún èrò, alágbẹ̀dẹ á rọ ìdè àti ìkọ́, akunlé á wá kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn. Bọ́lẹ̀kájà ti dé nìyẹn. Nígbà tó yá, wẹ́dà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n fi páànù kan bọ́dì mólúè sórí ṣáàsì Mercedes 911. Iṣẹ́ tí Hooper ń ṣe fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni káfíńtà bọ́lẹ̀kájà ń ṣe fún èrò ọjà. Owó àti ọ̀ṣọ́ ló yàtọ̀, ọgbọ́n iṣẹ́ kò yàtọ̀.

Ìṣòro kan náà ni wọ́n sì jọ ní. Òjò á mú kí pákó bọ́lẹ̀kájà jẹrà, wọ́n á tún bọ́dì mìíràn kan. Olówó tuntun á pa ọ̀rọ̀ iwájú rẹ́, yóò kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn àgbà á máa jiyàn pé lọ́rì méjì ni, nígbà tó jẹ́ pé ṣáàsì kan ṣoṣo ló wọ aṣọ méjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí iwájú ni gbogbo ènìyàn rántí. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìlú tó bí Olóyè Timothy Adeola Odutola, Ọ̀gbẹ́ni Ọjà, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀ níbí, kì í ṣe ìlú tó kàn ń dúró wo mọ́tò bó ṣe ń kọjá. Ẹni tó bá ṣe táyà, tó kan bọ́dì, tó fi lọ́rì kọ́lé, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ gún régé.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Ẹ jẹ́ ká wo bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní 1907, Rolls-Royce gbé ọkọ̀ kan jáde tí nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ jẹ́ 60551. Barker ló kan bọ́dì rẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà fàdákà, pléètì rẹ̀ sì ni AX 201. Ọkọ̀ náà rin ìrìn-àjò ìdánwò tó ju máìlì 14,000 lọ. Òun nìkan ni wọ́n sọ ní Silver Ghost. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn fi orúkọ yẹn pe gbogbo ọkọ̀ irú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Nítorí náà bí ẹnìkan bá ní Silver Ghost lòun ní, òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Silver Ghost gan-an, 60551 ni. Orúkọ ti di ti gbogbo ayé, nọ́ńbà kò kúrò lára ẹni tó ni ín.

Phantom IV tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1950 sí 1956, 18 péré ni wọ́n ṣe, fún ọba àti olórí orílẹ̀-èdè. Àkọ́kọ́ wọn ni 4AF2, tí H. J. Mulliner kan bọ́dì rẹ̀, tí wọ́n gbé fún Elizabeth Kejì àti ọkọ rẹ̀ ní 1950 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Gbogbo méjìdínlógún ló ní nọ́ńbà tí a mọ̀. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú ìkọkàndínlógún, kò sí ohun tó kù láti jiyàn lé lórí.

Fún àwọn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, lẹ́tà inú nọ́ńbà ló ń tọ́ka ìgbà. Silver Wraith bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WTA. Nígbà tí wọ́n mú un gùn sí i láti 1951, lẹ́tà ALW ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé HLW. Nọ́ńbà Phantom V, tí wọ́n ṣe láti 1959 sí 1968, máa ń fi 5 ṣíwájú: 5AS ni ti àkọ́kọ́. Rolls-Royce kì í sì í lo 13. Bí ìwé kan bá gbé nọ́ńbà tó jẹ́ 13 lẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀ wá, ọwọ́ akọ̀wé ti ṣì ní ibì kan.

Lẹ́tà kan wà tó kan àwa ará Nàìjíríà gan-an. L ni. Ṣáàsì tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì ni Rolls-Royce ń fi L sí nọ́ńbà rẹ̀, bíi 5LAS; kì í ṣe L inú ALW ni mo ń wí. Nàìjíríà ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì ojú ọ̀nà bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Gánà yí padà ní 1974. Dahomey (Benin lónìí) àti Togo, tí Faransé jẹ gàba lé lórí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń gbà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìdílé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ pé bàbá àwọn ra Phantom V ní tuntun ní 1962, wọ́n sì gbé e gba Èkó wọlé. Bí L bá wà nínú nọ́ńbà náà, ìbéèrè ti dìde. Ó lè jẹ́ Kútọnu, ní Dahomey, ni ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn 1972 ni bàbá rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. L kò sọ pé bàbá purọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà dé lè má jẹ́ èyí tí a ń sọ.

Ẹ má fi ojú wo sítíárì nìkan o. Lẹ́yìn 1972, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n gbé sítíárì wọn láti ọ̀tún sí òsì. Mẹkáníìkì lè gbé sítíárì, kò lè sọ lẹ́tà tí wọ́n kò lù sára ṣáàsì di èyí tó wà níbẹ̀. Mercedes-Benz náà ní irú ọgbọ́n yìí. Nọ́ńbà Mercedes 600, ọkọ̀ tí àwọn ààrẹ àti ọ̀gágun Áfíríkà fẹ́ràn, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.012, 100.014 ni ti Pullman tó gùn. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò: 12 túmọ̀ sí sítíárì òsì, 22 túmọ̀ sí sítíárì ọ̀tún. 2,677 ni gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láti 1963 sí 1981.

Láti nǹkan bí 1981 ni nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ti ń di àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lẹ́tà I, O àti Q kò sí nínú rẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà wọ́n sí 1 tàbí 0. Àmì ìkẹwàá sábà máa ń tọ́ka ọdún, ó sì ń yí po ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ọdún: A dúró fún 1980, ó tún dúró fún 2010. SCA ni ti Rolls-Royce fi ń bẹ̀rẹ̀, SCB ni ti Bentley. Ní 2022, Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà 17 yìí díye lé ọkọ̀ àlòkù, àwọn aṣojú ní èbúté sì fi ẹ̀hónú hàn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí 1981 kò ní nọ́ńbà 17. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òdo kún nọ́ńbà ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kó lè bá kọ̀ǹpútà mu. Òdo tí a fi kún un lónìí ni ọmọ ọmọ wa yóò máa jà lé lórí.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ìtàn ẹnu ni àkọ́kọ́. Ìtàn Rolls-Royce tó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà ni ti Sir Louis Odumegwu Ojukwu, olówó ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n sọ pé ó yá ìjọba ní Rolls-Royce rẹ̀ nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní 1956. Bí ọkọ̀ kan bá yọ lọ́la, tí oníṣòwò ní òun gan-an nìyí, kí la máa ṣe? A ò ní kọ́kọ́ bá a jiyàn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ la máa lọ. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5AS, ẹjọ́ ti parí, nítorí 1959 ni Phantom V bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Silver Wraith, a lè tẹ̀síwájú: ọjọ́ wo ni ó jáde, orúkọ ta ni wọ́n kọ síwèé, èbúté wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Pléètì nọ́ńbà ni ìkejì. JBD ni wọ́n ń kọ sára pléètì Ìjẹ̀bú-Òde lónìí. Ṣùgbọ́n 1992 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó mú irú pléètì yìí wá. JBD lára ọkọ̀ 1955 ń sọ ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn 1992 ni. Kò sọ ibi tó wà ní 1955 rárá.

Àdàkọ ni ìkẹta. Akọ̀wé rí 7, ó kọ 1. Ó rí B, ó kọ 8. Ó rí S, ó kọ 5. Ẹlòmíràn wá da ìwé yẹn kọ, ẹni kẹta wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá, àṣìṣe ti di òótọ́ nítorí pé ìwé mẹ́ta ló gbé e. Ìwé mẹ́ta tó ti ara ìwé kan wá, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ìkẹrin ni kí wọ́n fi nọ́ńbà bọ́dì rọ́pò nọ́ńbà ṣáàsì. Akanbọ́dì sábà máa ń kọ tirẹ̀ sára igi ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ àga, ibi tó rọrùn láti rí. Ẹni tó ń kánjú á rí i, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ. Ìkarùn-ún ni ẹ́ńjìnnì. Nílẹ̀ wa, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, a kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. A ó wá òmíràn. Nítorí náà nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí kò bá ìwé mu kò túmọ̀ sí olè, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkẹfà ló burú jù: kí ènìyàn yọ àwo nọ́ńbà lára ọkọ̀ tó ti kú, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, tàbí kí ó ha èyí tó wà lára ṣáàsì kúrò. Owó ló ń fà á, nítorí orúkọ olówó àtijọ́ ń gbé owó gorí ọkọ̀. Ọ̀ràn ni níwájú òfin, ọlọ́pàá sì ń mú ènìyàn nítorí rẹ̀. Ìwà ìbàjẹ́ sí òkú ni pẹ̀lú, torí pé ọkọ̀ tí bàbá kan kò gùn rí ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àwo tó wà lára irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àga awakọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀, nítorí àwo ṣeé yọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n lù sára irin ṣáàsì gan-an. Gíríìsì àti eruku ọdún púpọ̀ ni yóò bò ó. Aṣọ rírọ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi sandpaper kàn án. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, òjìji yóò sì gbé ojú nọ́ńbà sókè. Ẹ gbé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rọra pa á títí nọ́ńbà yóò fi jáde sára pépà. Pépà yẹn sàn ju ohun tí ojú rí lọ, nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á fúnra rẹ̀. Ẹ wá ya fọ́tò, kí gbogbo àyíká nọ́ńbà náà hàn.

Ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkàn, l'Ékòó, Mercedes tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Wọn ò pe páńẹ́lì-bítà kó wá dí ihò náà. Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí nìyẹn. Ipata ara ṣáàsì àti nọ́ńbà tó fẹ́ẹ̀ parẹ́ jẹ́ ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì ju ọ̀dà tuntun lọ.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ìwé ló kàn. Káàdì ṣáàsì Rolls-Royce wà nípamọ́ ní Hunt House, ní Paulerspury, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ Rolls-Royce tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Ti Mercedes wà ní Stuttgart, Jámánì. Nílé, àwọn fáìlì Ẹkùn Ìjẹ̀bú láti ayé òyìnbó wà ní National Archives ní Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn bíi Daily Times àti Nigerian Tribune ya fọ́tò àríyá, ìwúyè àti ìsìnkú, ọkọ̀ sì wà nínú fọ́tò. Àpótí ìwé bàbá yín wà nílé: rìsíìtì, ìwé ìdánilójú, lẹ́tà tí ẹni tó ta ọkọ̀ kọ.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹ má fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí àtijọ́ wà, ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti ẹ̀rí tó fi hàn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè yẹ iṣẹ́ yín wò. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì dájú, ẹ kọ ọ́ pé kò dájú. Àkọsílẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè, ìtàn àròsọ ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Mo bẹ ẹ̀yin ìdílé. Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ibòjì lẹ́yìnkùlé, tí ewéko ti bò, tí adìẹ ń sùn nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra kóńdẹ̀mù irin gbé e lọ kí ẹ tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà á, ohun ìní yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé nọ́ńbà rẹ̀ sórí pépà, ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe olùrà.

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọwọ́ yín ni ọkọ̀ wà ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ ra ìwé kan, kí gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ tó bá wọ gáréèjì yín fi nọ́ńbà ṣáàsì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ pààrọ̀ lára rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín náà. Ọ̀gá kan lè kú pẹ̀lú ìtàn ọkọ̀ púpọ̀ nínú orí rẹ̀, kó má sì sí ẹni tó lè bi í mọ́.

Mo bẹ Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ní Ìjàgùn àti àwọn ilé-ìwé gíga yòókù ní Ìjẹ̀bú. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yín jáde. Ẹ kọ́ wọn láti bi àgbà léèrè, láti wo abẹ́ ọkọ̀, láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wé ìwé, kí wọ́n sì kọ ibi tí méjèèjì ti yapa. Ọba Sikiru Adetona, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gorí ìtẹ́ ní 1960, ó wàjà ní oṣù keje 2025. Ọdún márùndínláàádọ́rin ni, ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ ìgbà náà sì ti darúgbó. Ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú. Ẹ̀yin lẹ súnmọ́ káàdì ṣáàsì àti àwọn àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín láti ilé, ẹ lọ wò ó, ẹ fi èsì ránṣẹ́, bó dùn mọ́ ìdílé, bí kò dùn mọ́ ọn.

Ní gbogbo Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá máa ń wọ ìlú yìí lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn régbérégbé. Kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ gbé nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ sórí pépà, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Owó pẹ́ńsù àti pépà kan ni yóò ná an. Ẹ lọ ṣe é.